Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Ọ̀dà Sán Lójú Bí Ohun Àtijọ́

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: “Kí lẹ fi sára férémù yẹn tí ojú ẹ̀ fi sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀kùn ilé bàbá àgbà?” Ẹlòmíì rò pé abẹ ni mo fi fá a. Ẹlòmíì ní ó ní láti jẹ́ pé mo sá a sóòrùn fún ọdún gbọọrọ. Rárá o. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò, ọ̀dà olómi oríṣi méjì, búrọ́ọ̀ṣì àti sùúrù ni. Sùúrù yẹn ló wọ́n jù nínú wọn. Iṣẹ́ yìí kì í sábà bàjẹ́ mọ́ ẹni tí kò ṣe é tó lọ́wọ́. Ẹni tó ń padà síbẹ̀ láti tún un ṣe ló máa ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Tiwa tòní yàtọ̀: à ń bẹ ògiri pé kó lanu ni.

Kí ló ń mú kó sán?

Ẹ ti rí ẹrẹ̀ etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè rẹ̀ á kọ́kọ́ gbẹ, á máa súnkì, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣì rọ̀, kò lágbára láti di òkè mú. Ni òkè bá ya sí kélekèle. Ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. A ó fi gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ tán sáàárín ọ̀dà méjì. Ọ̀dà òkè á fẹ́ gbẹ kíákíá, gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ á ṣì máa yọ̀, ọ̀dà òkè á fà ya, àwọ̀ ọ̀dà ìsàlẹ̀ á sì yọjú láàárín.

Tí ẹ bá ti mú ìyẹn dání, kò sí ìgbésẹ̀ tí ẹ máa há sórí. Bí nǹkan bá yíwọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mọ ibi tó ti yíwọ́.

Ohun tó yẹ àti ohun tí kò yẹ

Igi ló rọrùn jù: férémù fọ́tò, férémù dígí, tíréè, àpótí ìjókòó kékeré, àpótí tí ẹ ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sí. Ìkòkò amọ̀ náà dára púpọ̀, àmọ́ ó máa ń mu omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ po gọ́ọ̀mù ṣíbí kan mọ́ omi ṣíbí mẹ́rin, kí ẹ fi kùn ún, kó sì gbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Igbá gbà á, bí ẹ bá ti fi sáńpépà gbo èèpo rẹ̀ tó ń dán. Ìgò, tánganran àti ike ń fẹ́ púráímà (ọ̀dà àkọ́kọ́ tí à ń kùn sábẹ́) tó lè di ohun dídán mú, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo iṣẹ́ yín á bó bí awọ ejò. Irin ń fẹ́ púráímà elépo kí omi inú ọ̀dà má baà mú un dípẹtà.

Ẹ má fi ṣe:

- inú abọ́, etí ife, tàbí ojú tíréè tí oúnjẹ máa kàn ní tààrà. Ibi tó sán máa ń gba ìdọ̀tí, kò sì ṣeé fọ̀ mọ́;
- ohun ìṣeré ọmọdé, tàbí ibùsùn ọmọ tó ń fi eyín gé nǹkan jẹ;
- ohun tó máa wà níbi tí omi ti ń kán: etí síǹkì, balùwẹ̀, ìta gbangba;
- ohun tó ti gbó lóòótọ́.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹnìkan gbé ère ìbejì ìyá rẹ̀ àgbà wá bá mi rí, pé kí n bá òun “sọ ọ́ di àtijọ́”. Mo ní kó rọra gbé e padà sílé. Osùn tí wọ́n fi pa á lára láti ọjọ́ pípẹ́ wá, aró tó wà nírun orí rẹ̀, àwọn gan-an ni àtijọ́ náà. Ọ̀dà tèmi á kàn bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni.

Ìkìlọ̀ kan kí ọwọ́ tó kan sáńpépà

Bí ohun tí ẹ fẹ́ lò bá ti ní ọ̀dà àtijọ́ lára, pàápàá èyí tó ti ń bó, ẹ má fi sáńpépà gbo ó ní gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ló ní òjé nínú, eruku òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ lo sáńpépà tí omi ò lè bà jẹ́, ẹ wọ ìbòmú, ẹ lé àwọn ọmọ àti aboyún jìnnà, kí ẹ sì fi àkísà tútù nu gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bí ọkàn yín bá ṣe iyèméjì, ẹ wá nǹkan mìíràn lò. Fún ọ̀dà tuntun, ẹ ka ara agolo: ìlànà NAFDAC ni pé òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 lọ nínú ìdá mílíọ̀nù kan.

Ẹ kó wọ̀nyí sílẹ̀

- Ọ̀dà olómi méjì, èyí táwọn pẹ́ńtà ń pè ní emulsion. Èyí tí kì í dán ni kí ẹ mú, kí àwọ̀ méjèèjì sì jìnnà síra.
- Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Top Bond láìka orúkọ tó wà lára ike rẹ̀ sí. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà o. Ìyẹn ò ní sán ohunkóhun.
- Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta onírun rírọ̀, tí fífẹ̀ wọn tó íǹṣì kan sí méjì: ọ̀kan fún ọ̀dà, ọ̀kan fún gọ́ọ̀mù, ọ̀kan fún fáníìṣì.
- Sáńpépà nọ́ńbà 120 àti 220.
- Fáníìṣì elépo. Kì í ṣe olómi. Mo ń bọ̀ wá sórí èyí.
- Àkísà, ike omi, ìbọ̀wọ́, ìbòmú.
- Pátákó àfọ́kù kan fún ìdánwò.

Ẹ má ná owó sórí ọ̀dà àtàtà. Ọ̀dà tó wọ́n, tí wọ́n ń polówó pé ó ṣeé fọ̀, máa ń fà bíi rọ́bà, kì í fẹ́ ya. Èyí tí kò wọ́n, tí ojú rẹ̀ rí bí ẹfun, òun ló ń sán dáadáa. Ó ṣọ̀wọ́n kí àìlówó ran èèyàn lọ́wọ́ báyìí, ẹ jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Ní ti àwọ̀: ọ̀dà ìsàlẹ̀ ni àwọ̀ tó máa hàn nínú ìlà, ọ̀dà òkè ni gbogbo ojú yòókù. Búráùn tó dúdú lábẹ́, àwọ̀ mílíìkì lókè, ni gbogbo ayé ń ṣe, ó sì dára. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni àwọ̀ aró lábẹ́ pẹ̀lú funfun lókè. Bí ẹ bá ti rí àdìrẹ alábẹ́là rí, tí abẹ́là sán lára aṣọ tí aró sì wọ inú ibi tó sán náà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí. Ẹ má fi pupa sábẹ́ funfun láìdánwò. Lára férémù kékeré, ó máa ń dà bí ojú tí kò sùn.

Ìgbésẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ gbo ó. Sáńpépà 120 lákọ̀ọ́kọ́, kí 220 tẹ̀lé e. Ẹ fi pọ́tì dí ihò, ẹ nu eruku, ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ nu ọ̀rá ọwọ́ kúrò. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ délẹ̀.

2. Ẹ kun ọ̀dà ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ fún ti àkọ́kọ́ ní wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó gbé èkejì lé e, kí èkejì sì sùn mọ́jú. Bí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ò bá gbẹ tán, gọ́ọ̀mù á yọ ọ́ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá di ọbẹ̀ àdàlù.

3. Ẹ kun pátákó ìdánwò pẹ̀lú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe sára férémù, ẹ kọ́kọ́ ṣe é sára pátákó náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló máa fo èyí. Ẹni tó bá fò ó ni yóò padà wá kọ̀wé sí mi.

4. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i. Ẹ mú ojú kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kó dùbúlẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má baà ṣàn. Ẹ kùn ún kíákíá, kí nínípọn rẹ̀ dọ́gba, kí ó sì bo gbogbo ibi tí ẹ fẹ́ kó sán. Ibi tí gọ́ọ̀mù ò bá dé kò ní sán, a sì lè fi èyí ṣọgbọ́n: bí ẹ bá fo ibì kan níbi, tí ẹ tún fo ibì kan lọ́hùn-ún, iṣẹ́ náà á jọ èyí tí ọjọ́ orí ṣe lóòótọ́, nítorí ọjọ́ orí kì í jẹ gbogbo ibi bákan náà.

5. Ẹ dúró, kí ẹ máa fi ìka dán an wò. Ibi tí gbogbo iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ fi orí ìka kàn án díẹ̀ ní igun kan. Bí gọ́ọ̀mù bá bá ìka wá, ó ṣì tutù jù. Bí ìka bá lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, tó sì kúrò láìmú gọ́ọ̀mù kankan lọ́wọ́, àkókò tó. Bí ìka ò bá lẹ̀ mọ́ ọn rárá, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù mìíràn sí i. Nígbà ọyẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè ti tó. Nígbà òjò, ó lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ má gbọ́ ti aago, ti ìka ni kí ẹ gbọ́.

6. Ẹ gbé ọ̀dà òkè lé e. Kí ọ̀dà náà ki díẹ̀, bí ẹ̀kọ mímu tó fẹ́ dì. Bó bá ki jù, ẹ bu omi ṣíbí kan sí ọ̀dà ṣíbí mẹ́wàá, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì dáadáa kí ó gbé ọ̀dà púpọ̀, ẹ fà á láti etí kan dé etí kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbé e kúrò. Èyí tó kàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ fà tán. Ẹ má padà síbi tí ẹ ti kùn. Bí ẹ rí ibi tí ọ̀dà ò dé, ẹ fi sílẹ̀. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì já sí i, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìyá yín bá pè yín, ẹ kọ́kọ́ fa èyí tó wà lọ́wọ́ yín tán.

7. Ẹ kúrò níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ máa rí i tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tí ó ń gbòòrò. Ó wu èèyàn wò, ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ di ọwọ́ yín sẹ́yìn. Lẹ́yìn wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó ṣe ojú kejì.

8. Ẹ gbo etí rẹ̀ díẹ̀. Bí wákàtí mẹ́rìnlélógún bá ti kọjá, ẹ fi sáńpépà 220 kan igun àti etí, ibi tí ọwọ́ ì bá máa kàn ká ní ohun náà ti wà nílé fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ má gbo àárín.

Fún ìkòkò òdòdó tàbí nǹkan roboto, ẹ ki ìgò sínú rẹ̀ kí ẹ fi dì í mú, kí ẹ pín ara rẹ̀ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ṣe ìdá kan, kó gbẹ, ẹ yí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á rí gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ lápá kan bó ṣe ń kun apá kejì.

Bí ẹ ṣe fẹ́ kí ìlà náà rí

Gọ́ọ̀mù tó nípọn pẹ̀lú ọ̀dà òkè tó ki ń mú ìlà gbàgàdà wá, bí ilẹ̀ tí òjò ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹ po gọ́ọ̀mù ṣíbí mẹ́ta mọ́ omi ṣíbí kan, kí ẹ kùn ún fẹ́lẹ́, ìlà wẹ́wẹ́ ni ẹ máa rí. Apá ibi tí ẹ bá fa búrọ́ọ̀ṣì sí ni ìlà ń tọ̀: bí ẹ bá fà á ní gígùn, á sán ní gígùn bí igi àtijọ́, èyí ló bá férémù àti pátákó mu jù. Bí ẹ bá fẹ́ kó rí bí òwú aláǹtakùn, ẹ fi fóòmù tẹ ọ̀dà òkè lé e, kí ẹ má fà á rárá.

Ohun kékeré ń fẹ́ ìlà kékeré. Férémù fọ́tò tí ìlà tó tóbi bí ìka wà lára rẹ̀ máa ń dà bí ohun tó jábọ́ látorí ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe

*“Kò sán rárá.”* Ní tèmi, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ kí ọ̀dà tó gùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ọ̀dà tó ń dán tàbí èyí tó ṣeé fọ̀ ni ẹ lò? Ṣé kì í ṣe pé ẹ padà fa búrọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Bí ẹ bá ń fa búrọ́ọ̀ṣì lọ bọ̀, ṣe ni ẹ ń dí ìlà náà padà bó ṣe ń yọ. Àtúnṣe: ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gbo ó díẹ̀, gọ́ọ̀mù tuntun, ọ̀dà òkè tuntun. Ohun tí ẹ kùn tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀dà ìsàlẹ̀ nìyẹn, ẹ kàn yí àwọ̀ òkè padà.

*“Ọ̀dà òkè ń yọ̀ kiri, ó ń kóra jọ.”* Gọ́ọ̀mù tutù jù. Ẹ fi àkísà tútù nu gbogbo rẹ̀ kúrò kíákíá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kẹrin. Bó bá ti gbẹ sí i lára, sáńpépà ni.

*“Ó sán lápá kan, apá kejì dán.”* Gọ́ọ̀mù ò nípọn dọ́gba. Mi ò ní tún un ṣe. Mo máa ń yí apá tó dán sí ibi tí òjìji wà, kò sì tíì sí ẹni tó rí i.

*“Ó ń bó ní páńdẹ́páńdẹ́.”* Ọ̀rá tàbí dídán ló wà lábẹ́: ẹ ò gbo ó, tàbí ẹ ò lo púráímà lára ìgò. Kò sí àtúnṣe fún èyí ju kí ẹ fá gbogbo rẹ̀ kúrò lọ.

Òjò àti ọyẹ́

Láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì ni iṣẹ́ yìí ń dùn ṣe jù níhìn-ín. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ọ̀dà òkè á gbẹ wàrà, á sì sán bí ẹni pé ẹ sọ fún un. Àmọ́ eruku ọyẹ́ ò ní í jẹ́ kí fáníìṣì yín dán, nítorí náà ẹ ti fèrèsé ní ọjọ́ fáníìṣì, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn inú kí atẹ́gùn ṣì rọ́nà gbà. Nígbà òjò, ẹ lo fáànù, tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Kí ẹ̀rọ náà má gbóná jù, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì dúró kí ìlà àkọ́kọ́ yọ kí ẹ tó tàn án. Bí ẹ bá tàn án ṣáájú ìyẹn, gọ́ọ̀mù abẹ́ náà á gbẹ pẹ̀lú òkè, kò sì ní sí ẹni tó ń fa ẹnìkejì ya.

Fífi ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ sí i

Bí ẹ ṣe rí i lẹ́yìn tó gbẹ, ó lè mọ́ jù. Ohun àtijọ́ kì í mọ́ báyẹn. Kí ẹ tó kan ohunkóhun sí i, ẹ kun fáníìṣì elépo fẹ́lẹ́ kan lé e kó gbẹ, nítorí pé omi ni ọ̀tá ibi tó sán.

Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ mú pólíìṣì bàtà búráùn díẹ̀ sórí àkísà, ẹ fi pa á, kí ó wọ inú ìlà.
2. Ẹ fi àkísà mìíràn nu ojú rẹ̀ kí ó tó gan. Èyí tó wà nínú ìlà ló máa kù.
3. Bí ẹ bá fẹ́ kó pọ̀ ní igun, ẹ tún igun nìkan pa.

Èédú tí ẹ lọ̀ kúnná, tí ẹ pò mọ́ fáníìṣì elépo díẹ̀, ń mú èérí eléèéfín jáde, bí ti ilé ìdáná àtijọ́. Osùn tí ẹ pò bẹ́ẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lára funfun, ó sì rẹwà ju búráùn pólíìṣì lọ lójú tèmi. Ọwọ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi mú un. Ó rọrùn láti fi kún un, ó ṣòro láti yọ ọ́. Bí ẹ bá lo pólíìṣì bàtà, kò sí fáníìṣì tó máa lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ dáadáa, nítorí náà òun ni kó jẹ́ ohun ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ èédú tàbí osùn inú fáníìṣì ni, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá kun fáníìṣì ìkẹyìn.

Fáníìṣì: ibi tí èmi alára ti jìyà

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣe férémù mẹ́fà fún oníbàárà kan. Wọ́n sán bí mo ṣe fẹ́, inú mi dùn, mo mú fáníìṣì olómi tó wà nílẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rìn wọ́n gbingbin. Kí n tó parí ẹ̀kẹta, èkíní ti ń yọ́. Omi inú fáníìṣì wọ inú ìlà, ó bá gọ́ọ̀mù lábẹ́, gọ́ọ̀mù tún rọ̀, ọ̀dà òkè wá ń rìn kiri bí epo lójú ọbẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni, mo tún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà fáníìṣì elépo ni. Á mú àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ, ìyẹn ò burú fún ohun tí a fẹ́ kó gbó. Ẹ kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wákàtí mẹ́rìnlélógún láàárín. Ẹ yan èyí tí kò dán jù. Ohun àtijọ́ tó ń kọ mànà kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún wọ̀nyí:

- Ibi tí atẹ́gùn wà ni kí ẹ ti lò ó, kí iná, sìgá àti sítóòfù má sí nítòsí.
- Àkísà tí fáníìṣì elépo wà lára rẹ̀ lè gbóná fúnra rẹ̀ títí tó fi máa gbiná bí ẹ bá ká a jọ. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi kí ẹ tó dà á nù.
- Búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù, omi ni ẹ máa fi fọ̀ ọ́ kí ó tó gan. Ti fáníìṣì, kẹrosíìnì tàbí tọpẹntáìnì.

Bí gọ́ọ̀mù funfun ò bá sí, tàbí bí ẹ bá fẹ́ nǹkan mìíràn

Oje igi kasíà (gum arabic). Àwọn Hausa ń pè é ní ƙaro. Láti Borno, Yobe, Jigawa àti agbègbè wọn ló ti ń wá, ẹ sì lè rí i lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ta egbòogi lọ́jà. Ẹ gún un, ẹ da ìwọ̀n kan sínú omi gbígbóná ìwọ̀n méjì, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Bó bá ti ki bí oyin, ó tó lò dípò gọ́ọ̀mù káfíńtà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bó bá tiẹ̀ gbẹ díẹ̀ jù, omi inú ọ̀dà òkè á tún jí i dìde, nítorí náà kì í le koko mọ́ ẹni tí kò tíì mọ àkókò. Aléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn omi rárá, fáníìṣì elépo di dandan.

Fáníìṣì méjì, fún ìlà wẹ́wẹ́. Èyí ló yẹ ohun tí ẹ ti lẹ àwòrán mọ́, nítorí pé ìlà náà ò ní àwọ̀, àwòrán á hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kun fáníìṣì elépo lé àwòrán náà, ẹ dúró ní wákàtí mélòó kan títí tó fi máa lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ láìbá ìka wá. Ẹ wá kun omi oje igi tó ki yẹn lé e. Bó ṣe ń gbẹ, á sán wẹ́wẹ́ bí tánganran àtijọ́. Ẹ ò ní rí ìlà náà dáadáa. Ẹ yí i síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà elépo búráùn díẹ̀ pa á, kí ẹ sì nù ún. Gbogbo rẹ̀ á hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù á sì fẹ́ bà yín. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi fáníìṣì elépo bò ó.

Èèpo ẹyin. Fún àkókò òjò, tàbí fún ẹni tí gọ́ọ̀mù ti dá lágara, èyí ò gbára lé ojú ọjọ́ kankan.

1. Ẹ fọ èèpo ẹyin, ẹ bó awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò, ẹ sá a kó gbẹ.
2. Ẹ kun ohun náà ní àwọ̀ tí ẹ fẹ́ rí nínú ìlà, kó gbẹ.
3. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun sí ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbé èèpo ńlá kan lé e kí inú rẹ̀ kọjú sí gọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Á fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi orí igi ìtayín sún wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bó bá wù yín.
4. Ẹ máa bá a lọ títí ẹ fi máa bo gbogbo rẹ̀. Kó gbẹ fún ọjọ́ kan.
5. Ẹ fi sáńpépà 220 gbo ibi tó mú, kí ẹ kun fáníìṣì lé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹyin ìbílẹ̀ tó funfun ló dára jù fún abẹ́ dúdú. Èèpo ẹyin àgírí tó pọ́n díẹ̀ ò nílò ọ̀dà òkè kankan, àwọ̀ rẹ̀ ti gbó láti ọ̀dọ̀ adìyẹ wá.